Lẹ́tà júrì dé láti kóòtù Amẹ́ríkà: kí ló yẹ ká ṣe sí i?

ÌyáÌbejì
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Lẹ́tà júrì, tí kóòtù fi ń pe ará ìlú láti wá jókòó gbọ́ ẹjọ́ kí wọ́n sì pinnu rẹ̀, ń wọ ọ̀pọ̀ ilé Yorùbá ní Amẹ́ríkà, ìmọ̀ràn tó sì ń tẹ̀lé e kò dára rárá: "Jù ú nù, wọn ò lè mọ̀ pé o rí i." Ẹ jẹ́ ká kó òtítọ́ rẹ̀ jọ síbì kan. Ṣé dandan ni kéèyàn dáhùn? Ẹni tó ṣì ń lo green card, ìwé ìgbélùú ẹni tí kò tíì di ọmọ orílẹ̀-èdè, ńkọ́? Ṣé ọ̀gá ibi iṣẹ́ lè tìtorí ẹ̀ lé èèyàn? Tí èèyàn bá sì débẹ̀, kí ni wọ́n ń ṣe gan-an láti àárọ̀ títí wọ́n fi máa yan àwọn tó máa jókòó? Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọ̀nà ibẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là wá lọ́yẹ̀.

Akọ̀wéFọ́ọ̀mù
Ẹ kú ìbéèrè, Ìyá Ìbejì. Dandan ni ìdáhùn. Ó lè má jẹ́ dandan láti lọ, ṣùgbọ́n kóòtù ló máa sọ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe àwa.

Oríṣi lẹ́tà méjì ló wà, àwọn èèyàn sì máa ń dà wọ́n pọ̀. Àkọ́kọ́ ni fọ́ọ̀mù ìbéèrè, tí kóòtù fi ń wádìí bóyá ẹ yẹ fún iṣẹ́ náà. Ní kóòtù ìjọba àpapọ̀, ọjọ́ 10 ni òfin fún yín láti dí i kí ẹ sì dá a padà, yálà nípasẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́ tàbí lórí ìkànnì eJuror, pẹ̀lú nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára lẹ́tà yẹn. Èkejì ni ìwé ìpè gan-an: ọjọ́, aago, àdírẹ́sì kóòtù àti nọ́ńbà júrì yín máa wà lórí rẹ̀. Kóòtù mìíràn ń fi méjèèjì sínú àpò kan náà, nítorí náà ẹ ka iwájú àti ẹ̀yìn ìwé náà tán.

Ohun tí òfin ìjọba àpapọ̀ ń béèrè ni pé kéèyàn jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, kó ti pé ọdún 18, kó ti gbé ní àgbègbè kóòtù náà fún ọdún 1 ó kéré tán, kó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì débi tó lè fi dí fọ́ọ̀mù náà fúnra rẹ̀ kó sì lè sọ ọ́, kí àìlera má dí i lọ́wọ́, kí ẹ̀sùn ọ̀daràn tí ẹ̀wọ̀n rẹ̀ lè ju ọdún 1 lọ má sì wà lọ́rùn rẹ̀. Ẹni tí wọ́n ti dá lẹ́bi irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ rí kò lè jókòó, àfi tí wọ́n bá ti dá ẹ̀tọ́ rẹ̀ padà fún un. Òfin yọ ọmọ ogun tó wà lẹ́nu iṣẹ́ sílẹ̀, àti ọlọ́pàá àti panápaná tó jẹ́ pé iṣẹ́ òòjọ́ wọn nìyẹn. Ọ̀pọ̀ kóòtù náà sì máa ń yọ̀ǹda ẹni tó ti lé ní ọdún 70, tàbí ẹni tó ti ṣe júrì ìjọba àpapọ̀ láàárín ọdún 2 sẹ́yìn, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló máa béèrè. Ẹni tó bá dákẹ́, orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àdírẹ́sì ló ń dá wàhálà sílẹ̀ jù. Inú ìwé orúkọ àwọn olùdìbò ni wọ́n ti ń mú orúkọ, ọ̀pọ̀ kóòtù sì tún ń fi ti láísẹ́ńsì ọkọ̀ kún un. Tí ẹ bá ti kó kúrò ní àgbègbè náà, ẹ má jókòó tì í. Ẹ kọ àdírẹ́sì tuntun sínú fọ́ọ̀mù, ẹ dá a padà, wọ́n á sì yọ orúkọ yín. Ẹni tí ìwé ìpè gan-an tẹ̀ lọ́wọ́ tí kò yọjú, adájọ́ lè pàṣẹ pé kó wá sọ ìdí. Tí àlàyé rẹ̀ kò bá mọ́yán lórí, owó ìtanràn lè tó dọ́là 1,000, ẹ̀wọ̀n lè tó ọjọ́ 3, wọ́n sì lè ní kó lọ ṣiṣẹ́ ìlú. Adájọ́ lè pa gbogbo rẹ̀ pọ̀ fún ẹnì kan ṣoṣo.

Awakọ̀Òru
Ẹ ṣeun, Akọ̀wé. Ọ̀rọ̀ green card ni kí ẹ bá wa tú. Àwọn kan ní kéèyàn kàn lọ jókòó kí kóòtù má bàa bínú, pé kò sẹ́ni tó máa béèrè ìwé.

Lọ́yàIlé
Ẹ dákun, ẹ má lọ! Ìmọ̀ràn yẹn lè lé odidi ìdílé kúrò nílùú. Kò sí ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà tó ń gba ẹni tí kì í ṣe ọmọ orílẹ̀-èdè sórí ìjókòó júrì, kóòtù ìjọba àpapọ̀ náà kì í gbà á.

Ẹ dáhùn lẹ́tà náà. Níbi tí wọ́n ti béèrè bóyá ẹ jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ẹ fàmì sí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ fọwọ́ sí i, ẹ ya àwòrán rẹ̀ sọ́wọ́, kí ẹ tó dá a padà. Ó parí. Kò sí ìyà kankan fún ẹni tó sọ òtítọ́ níbẹ̀. Ìyà ńlá ló wà fún irọ́: ẹni tó bá pe ara rẹ̀ ní ọmọ orílẹ̀-èdè nígbà tí kò tíì dì í, kó lè jàǹfààní kan lábẹ́ òfin, òfin ìwọlé-wọ̀dè lè tìtorí ẹ̀ lé e jáde, ó sì lè dènà rẹ̀ títí láé. Fọ́ọ̀mù N-400 tí a fi ń béèrè láti di ọmọ orílẹ̀-èdè sì máa bi yín ní ìbéèrè náà gan-an: ṣé ẹ ti pe ara yín bẹ́ẹ̀ rí? Ṣé ẹ ti forúkọ sílẹ̀ láti dìbò rí?

Ìbéèrè kejì yẹn ló yẹ kó kan ẹni tó ní green card tí lẹ́tà júrì dé sí. Tó bá jẹ́ láti inú ìwé láísẹ́ńsì ọkọ̀ ni wọ́n ti mú orúkọ rẹ̀, kò sí ewu. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ láti inú ìwé olùdìbò ni, a jẹ́ pé ẹnì kan ti fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ láti dìbò. Ó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń gba láísẹ́ńsì, tí akọ̀wé á béèrè bóyá kí òun forúkọ yín sílẹ̀, tí ẹni tí ojú ń kán á kàn ní bẹ́ẹ̀ ni. Ní Texas, tí èèyàn bá sọ fún kóòtù pé òun kì í ṣe ọmọ orílẹ̀-èdè, akọ̀wé kóòtù a máa fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn tó ń bójú tó ìwé olùdìbò. Ẹni tó bá fura pé orúkọ òun wà níbẹ̀, kó wá lọ́yà ìwọlé-wọ̀dè kó tó fọwọ́ kan N-400. Èyí kò túmọ̀ sí pé kó wá purọ́ lórí fọ́ọ̀mù júrì o. Irọ́ kejì kì í wo ọgbẹ́ àkọ́kọ́ sàn.

Sadé_Nọ́ọ̀sì
Ibi iṣẹ́ ńkọ́ o? Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń ṣe iṣẹ́ méjì, òmíràn sì jẹ́ iṣẹ́ alẹ́.

Akọ̀wéFọ́ọ̀mù
Òfin ìjọba àpapọ̀ kò gbà kí agbanisíṣẹ́ lé òṣìṣẹ́ tó ń ṣe júrì ní kóòtù ìjọba àpapọ̀, kò gbọ́dọ̀ halẹ̀ mọ́ ọn, kò gbọ́dọ̀ ni í lára. Ìtanràn rẹ̀ lè tó dọ́là 5,000 lórí ẹ̀ṣẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Àwọn ìpínlẹ̀ náà ní tiwọn fún kóòtù tiwọn. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí dáadáa: òfin tó ní kí wọ́n má lé yín kò ní kí wọ́n san owó ọjọ́ tí ẹ ò wá. Ọ̀rọ̀ àdéhùn ibi iṣẹ́ nìyẹn, tàbí òfin ìpínlẹ̀. Massachusetts, fún àpẹẹrẹ, ní kí agbanisíṣẹ́ san owó ọjọ́ 3 àkọ́kọ́ bó ṣe máa ń san án, lẹ́yìn náà ni ìpínlẹ̀ á wá máa san dọ́là 50 lójúmọ́.

Kóòtù ìjọba àpapọ̀ ń san dọ́là 50 lójúmọ́, ó sì lè di 60 tí ìgbẹ́jọ́ bá kọjá ọjọ́ 10. Owó ọkọ̀ wà lọ́tọ̀. Ti ìpínlẹ̀ kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ níbi púpọ̀. Texas ń san dọ́là 20 ní ọjọ́ àkọ́kọ́ àti 58 láti ọjọ́ kejì. Ní ọ̀pọ̀ ibi ní California, kò sí nǹkan kan ní ọjọ́ àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà dọ́là 15 lójúmọ́. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fún ara rẹ̀, bí awakọ̀ tàbí onídìrí, fi gbọ́dọ̀ tètè kọ̀wé tí ìgbẹ́jọ́ gígùn bá máa kó o sí gbèsè. Kó fi ìwé owó orí tàbí àkọsílẹ̀ owó tó ń wọlé sí i. Kóòtù kì í fi ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ṣiṣẹ́.

Ọjọ́ tí ìwé ìpè bá dé ni kí ẹ fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ̀gá yín, kì í ṣe àṣálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Tó bá jẹ́ iṣẹ́ alẹ́ ni, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún wọn pé ẹ ò lè ṣiṣẹ́ mọ́jú kí ẹ tún jókòó ní kóòtù láago mẹ́jọ àárọ̀. Tí oorun bá gbé ẹni tó wà ní ìjókòó júrì lọ nígbà tí ẹlẹ́rìí ń sọ̀rọ̀, adájọ́ lè yọ ọ́, ó sì lè ba ẹjọ́ ẹlẹ́jọ́ jẹ́. Ìwé ẹ̀rí tí kóòtù bá fún yín ní ìparí, ẹ tọ́jú rẹ̀. Òun ni ibi iṣẹ́ máa béèrè. Owó júrì náà wọ owó orí: orí fọ́ọ̀mù owó orí tí wọ́n ń pè ní Schedule 1 ni a ti ń kọ ọ́. Tí ibi iṣẹ́ yín bá gba owó náà lọ́wọ́ yín nítorí pé wọ́n san owó oṣù yín pé, ibẹ̀ náà ni ẹ ti máa yọ ọ́ padà.

Awakọ̀Òru
Ẹnì kan pe fóònù, ó ní òun jẹ́ ọ̀gá ọlọ́pàá kóòtù, pé wọ́n ti fẹ́ mú èèyàn nítorí pé kò wá ṣe júrì, àfi kó san owó lójú ẹsẹ̀ pẹ̀lú káàdì ẹ̀bùn. Ó mọ orúkọ àti àdírẹ́sì o.

Lọ́yàIlé
Gbájúẹ̀ ni. Kóòtù kì í gba owó ìtanràn lórí fóònù, kì í béèrè nọ́ńbà Social Security tàbí ti káàdì bánkì lórí fóònù, kì í sì í gba káàdì ẹ̀bùn. Ọ̀rọ̀ júrì máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà. Ẹ pa fóònù náà, kí ẹ wá nọ́ńbà ọ́fíìsì akọ̀wé kóòtù fúnra yín lórí ìkànnì ìjọba, kí ẹ fi pè wọ́n. Ẹ má lo nọ́ńbà tí olè náà fún yín.

JókòóGbọ́
Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà gan-an.

Alẹ́ tó ṣáájú ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ kóòtù ní nọ́ńbà fóònù tàbí ìkànnì tí ẹ máa yẹ̀ wò lẹ́yìn tí ọ́fíìsì bá ti palẹ̀ mọ́, láti mọ̀ bóyá wọ́n nílò nọ́ńbà yín lọ́la. Ẹjọ́ púpọ̀ ń yanjú ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́ lọ́jọ́ tó kù ọ̀la, wọ́n á ní kí ẹ má wá. Ẹni tí kò yẹ̀ ẹ́ wò ń rìnrìn asán, tàbí kó sùn nílé nígbà tí wọ́n ń pe orúkọ rẹ̀.

Ẹ mú ìwé ìpè, káàdì ìdánimọ̀ tó ní àwòrán, oògùn yín, àti ohun tí ẹ lè kà. Ẹ yẹ òfin fóònù wò ṣáájú, torí àwọn kóòtù kan kì í jẹ́ kí ó wọlé rárá. Àkókò ìdúró gùn. Àwọn kan á jókòó láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ láìwọ yàrá ìgbẹ́jọ́, ṣùgbọ́n ó ṣì wúlò: olùjẹ́jọ́ tó rí i pé júrì ti wà nílẹ̀ ló sábà máa ń yára gbà láti yanjú.

Tí wọ́n bá pe ìdìpọ̀ orúkọ tiyín, ẹ máa wọ iwájú adájọ́, ẹ máa búra pé òtítọ́ ni ẹ máa sọ. Ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ kò fẹ́ ìbúra lè ṣèlérí òtítọ́ dípò rẹ̀, òfin gbà á. Lẹ́yìn náà ni ìbéèrè á bẹ̀rẹ̀. Ní kóòtù ìjọba àpapọ̀, adájọ́ fúnra rẹ̀ ló sábà máa ń béèrè. Ní Texas àti àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn, àwọn lọ́yà ló ń sọ̀rọ̀ jù. Ṣé ẹ mọ ẹnikẹ́ni nínú ẹjọ́ yìí? Irú iṣẹ́ wo ni ẹ ń ṣe? Ṣé ọlọ́pàá wà nínú ẹbí yín? Ṣé olè ti ja ilé yín rí? Tí olùjẹ́jọ́ kò bá sọ̀rọ̀ rárá, ṣé ẹ máa kà á sí ẹ̀bi? Ìbéèrè tó kẹ́yìn yìí máa ń ṣòro fún àwa Yorùbá, torí nílé wa ẹni tí a bá fẹ̀sùn kàn tó dákẹ́, a máa ń fura sí i. Ní kóòtù Amẹ́ríkà, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni láti dákẹ́, ẹni tó fẹ̀sùn kàn án ni ẹrù ẹ̀rí wà lọ́rùn rẹ̀. Tí ọkàn yín kò bá lè gbà á, ẹ sọ ọ́ jáde níbẹ̀. Tí ìdáhùn kan bá sì jẹ́ àṣírí, bí àìsàn tàbí ohun tí wọ́n fi ipá ṣe sí yín, ẹ ní ẹ fẹ́ bá adájọ́ sọ ọ́ níkọ̀kọ̀. Wọn ò ní fi yín ṣe yẹ̀yẹ́.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n fi ń yọ èèyàn. Èyí tó ní ìdí: ẹ mọ olùjẹ́jọ́, tàbí ẹ ti sọ pé ẹ ò lè ṣe déédéé. Èyí kò ní iye. Èkejì ni èyí tí lọ́yà kò sọ ìdí rẹ̀, ó sì ní òṣùwọ̀n: nínú ẹjọ́ ọ̀daràn ńlá ní kóòtù ìjọba àpapọ̀, 10 ni ti olùjẹ́jọ́, 6 ni ti ìjọba, nínú ẹjọ́ owó tàbí àdéhùn, 3 ni ti ẹnì kọ̀ọ̀kan. Tí wọ́n bá yọ yín, kì í ṣe ẹ̀gàn.

Ọmọlúàbí_Oko
Ẹni tí kò bá fẹ́ jókòó, kó kàn sọ pé gbogbo ẹni tí ọlọ́pàá bá mú ló jẹ̀bi. Wọ́n á lé e lọ sílé kíá.

Lọ́yàIlé
Ẹ̀gbọ́n, ẹ má kọ́ àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀. Lábẹ́ ìbúra ni ọ̀rọ̀ yẹn ń jáde, irọ́ lábẹ́ ìbúra sì jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀ tó ń dùn mí. Wọ́n ti fi ọ̀pọ̀ ọdún yọ àwọn aláwọ̀ dúdú kúrò lórí ìjókòó yìí. Ọdún 1986 ni Kóòtù Gíga Jùlọ Amẹ́ríkà sọ nínú ẹjọ́ Batson pé agbẹjọ́rò ìjọba kò gbọ́dọ̀ tìtorí àwọ̀ ara yọ èèyàn. Síbẹ̀, nínú ẹjọ́ Curtis Flowers ní Mississippi, ọkùnrin tí wọ́n gbẹ́jọ́ rẹ̀ nígbà 6, agbẹjọ́rò ìjọba yọ 41 nínú àwọn aláwọ̀ dúdú 42 tó láǹfààní láti yọ. Ọdún 2019 ni kóòtù náà tó dá ìdájọ́ yẹn nù. Ìjókòó tí wọ́n ń jà láti gbà lọ́wọ́ wa kọ́ ló yẹ ká fi irọ́ sá fún. Tí ọmọ wa bá wà níwájú adájọ́ lọ́jọ́ kan, ẹni tó mọ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀, tó mọ̀ pé àìwo àgbà lójú kì í ṣe àmì irọ́, ẹ ò ní fẹ́ kírú ẹni bẹ́ẹ̀ wà nínú àwọn 12 tó ń jókòó ṣe júrì?

Ọmọlúàbí_Oko
Mo gbọ́, lọ́yà. Tí wọ́n bá wá yan èèyàn ńkọ́? Kí ló lè kó èèyàn sí wàhálà níbẹ̀?

JókòóGbọ́
Fóònù ni, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ò gbọ́dọ̀ wá orúkọ olùjẹ́jọ́ lórí Google, ẹ ò gbọ́dọ̀ lọ wo ibi tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹlẹ̀, ẹ ò gbọ́dọ̀ gbé e sí Facebook tàbí WhatsApp ẹbí. Kódà ẹ ò gbọ́dọ̀ bá ọkọ tàbí aya sọ ọ́ lálẹ́. Ohun tí ẹ bá kà níta, kò sẹ́ni tó máa láǹfààní láti jà á níyàn nínú kóòtù. Ẹnì kan ṣoṣo tó ṣe bẹ́ẹ̀ lè mú kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ gbogbo ẹjọ́ látìbẹ̀rẹ̀. Ẹ ò gbọ́dọ̀ jíròrò rẹ̀ láàárín ara yín pàápàá títí adájọ́ á fi ní ó yá. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà: ìdí nìyẹn.

Èdè ni ohun kejì, tí àwọn èèyàn wa kì í sì í retí. Tí wọ́n bá gbé ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní Yorùbá wá, tí ògbufọ̀ sì tú u sí Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀dà Gẹ̀ẹ́sì yẹn ni ẹ̀rí, bí etí yín bá tiẹ̀ gbọ́ Yorùbá ju ti ògbufọ̀ lọ. Nínú ẹjọ́ Hernandez ní New York, ọdún 1991, Kóòtù Gíga Jùlọ fara mọ́ yíyọ àwọn tó gbọ́ èdè Spéènì nítorí wọ́n ń ṣiyèméjì bóyá wọ́n máa lè gba ti ògbufọ̀. Nítorí náà, tí ẹ bá rí àṣìṣe níbẹ̀, ẹ má ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn júrì yòókù. Ẹ kọ ọ́ sí ìwé kékeré, ẹ fún òṣìṣẹ́ kóòtù kó gbé e fún adájọ́.

Nínú yàrá ìpinnu, ẹ máa yan alága kan. Ẹjọ́ ọ̀daràn ńlá gbọ́dọ̀ jẹ́ ohùn kan gbogbo yín. Láti ọdún 2020, lẹ́yìn ẹjọ́ Ramos, òfin yìí de gbogbo ìpínlẹ̀. Ẹ má kọ́kọ́ dìbò. Tí ẹ bá dìbò kí ẹ tó sọ̀rọ̀, kálukú á dúró gbọn-in lórí ohun tó ti sọ. Ẹ ka ìtọ́sọ́nà adájọ́ sókè, kí ẹ mú ẹ̀sùn kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, kí ẹ tú u sí ohun tí òfin ní ìjọba gbọ́dọ̀ fìdí rẹ̀ múlẹ̀, kí ẹ sì tọ́ka sí ẹ̀rí fún ìkọ̀ọ̀kan. Tí ọ̀rọ̀ kò bá yé yín, ẹ kọ̀wé sí adájọ́, ṣùgbọ́n ẹ má sọ fún un pé mélòó ló wà níhà kan, mélòó ló wà níhà kejì. Tí ẹnì kan bá ń fi àwọ̀ tàbí ìlú olùjẹ́jọ́ dá a lẹ́bi, adájọ́ ló yẹ kó gbọ́ kí ìpinnu tó jáde.

Adé_Lọ́ńdọ̀nù
Ẹ jọ̀ọ́, kí ará Ìlú Ọba má fi èyí ṣe tirẹ̀, torí ọ̀rọ̀ àwa yàtọ̀ pátápátá. Ní England àti Wales, ọmọ Nàìjíríà tí kò tíì gba pásípọ́ọ̀tù ibí lè ṣe júrì. Ará Commonwealth tó ní ìwé ìgbélùú lè forúkọ sílẹ̀ láti dìbò, ìwé olùdìbò yẹn ni wọ́n sì fi ń pe júrì. Kó ti pé ọdún 18, kó má tíì kọjá 75, kó sì ti gbé ní Ìlú Ọba fún ọdún 5 ó kéré tán láti ìgbà tó ti pé ọdún 13.

Ọjọ́ 7 ni wọ́n fún yín láti dáhùn. Ẹni tí kò dáhùn tàbí tí kò yọjú lè san ìtanràn tó tó pọ́ùn 1,000. Ọjọ́ iṣẹ́ 10 ló sábà máa ń jẹ́. Kóòtù kì í san owó iṣẹ́ júrì fúnra rẹ̀. Owó tí ẹ pàdánù ni wọ́n ń dá padà, kò sì ju pọ́ùn 64.95 lójúmọ́ lọ ní ọjọ́ 10 àkọ́kọ́, tí ẹ bá lò ju wákàtí 4 lọ. Ọ̀gá yín ló máa dí fọ́ọ̀mù owó tí ẹ pàdánù, ẹ gbé e fún un kíákíá. Lẹ́yìn ìgbẹ́jọ́, ẹ ò gbọ́dọ̀ sọ ohun tí ẹ bá ara yín sọ nínú yàrá ìpinnu fún ẹnikẹ́ni; ẹ̀ṣẹ̀ tó lẹ́wọ̀n ni.

ÌyáÌbejì
Olúwa á bù kún yín. Ó ku kan: ẹnì kan ti ra tíkẹ́ẹ̀tì láti lọ sílé, ọjọ́ rẹ̀ sì bọ́ sórí ọjọ́ tí kóòtù Amẹ́ríkà pè é. Lẹ́tà náà tún pè é ní "grand jury".

Akọ̀wéFọ́ọ̀mù
Ìyá Ìbejì, kó béèrè fún ìsúnsíwájú lónìí, lórí eJuror tàbí nínú ìwé, kó fi ẹ̀dà tíkẹ́ẹ̀tì sí i, kó sì dárúkọ àwọn ọjọ́ mìíràn tó máa lè wá. Ẹ̀ẹ̀kan ni ọ̀pọ̀ kóòtù máa ń gbà láìsí wàhálà. Kó má wọ ọkọ̀ òfuurufú títí ìdáhùn fi máa dé lọ́wọ́ rẹ̀. Ìbéèrè nìkan kò yọ orúkọ.

Ọ̀rọ̀ grand jury, ìyẹn júrì tó ń pinnu bóyá ẹ̀rí tó láti fẹ̀sùn ọ̀daràn kan èèyàn, gbà kó ronú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò dà bí ẹjọ́ ọjọ́ mẹ́ta. Ní kóòtù ìjọba àpapọ̀, èèyàn 16 sí 23 ló ń jókòó, 12 gbọ́dọ̀ gbà kí ẹ̀sùn tó lè jáde, àṣírí sì ni gbogbo rẹ̀. Adájọ́ kì í sí nínú yàrá náà. Ó lè gùn tó oṣù 18, pẹ̀lú ìpàdé lọ́jọ́ tí kóòtù bá yàn, kì í ṣe lójoojúmọ́. Kó pe akọ̀wé kóòtù, kó béèrè ọjọ́ ìpàdé àti oṣù mélòó, kó wá fi ìyẹn wo iṣẹ́ rẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀. Tó bá máa le jù, kó kọ ìdí náà sílẹ̀ pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí kó tó di ọjọ́ ìbúra, torí ó ṣòro púpọ̀ láti yọ ara ẹni lẹ́yìn tí wọ́n bá ti búra fún un.